Ìbọn ìléwọ́ fún eré ìdíje: Ojú àti sùúrù ni ìbẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọta kíki nílé

Ẹni tó bá dàgbà sí ilé ọdẹ ní Agbamu, tàbí ní ìlú Ìgbómìnà mìíràn ní agbègbè Ọ̀mù-Àrán àti Èsìẹ́, ti mọ òórùn ẹ̀tù kó tó mọ ìwé kà. Ó ti rí i bí bàbá rẹ̀ ṣe ń da ẹ̀tù sí ẹnu ìbọn ṣakabùlà, tó ń fi ọ̀pá gún un wọlé, tó sì ń ki ọta tẹ̀ lé e. Nítorí náà, kò yẹ kó ya àgbà lẹ́nu bí ọmọ bẹ́ẹ̀ bá rí àwọn tó ń fi ìbọn ìléwọ́ díje lórí fóònù rẹ̀, tó sì wá ń bèèrè pé, "Bàbá, báwo ni mo ṣe lè bẹ̀rẹ̀?" Bó bá tún rí i bí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe ń ki ọta tiwọn fúnra wọn nílé, yóò ní ohun tí bàbá òun ti ń ṣe látọjọ́ pípẹ́ náà nìyẹn.

Ẹ̀yin àgbà, ẹ má fi ìbéèrè yìí ṣeré. Èsì tí ẹ bá fún ọmọ náà lè sọ ọ́ di eléré ìdárayá. Ó sì lè sọ ọ́ di ẹlẹ́wọ̀n, tàbí ẹni tó pàdánù ọwọ́ rẹ̀.

Irú eré wo ni?

Eré yìí kì í ṣe ti ìpáǹle. Láti ọdún 1896, nígbà tí wọ́n ṣe ìdíje Òlíńpíìkì àkọ́kọ́ ti ayé òde òní ní Áténì, ni ìbọn yíyìn ti wà nínú rẹ̀. Oríṣi tó gbajúmọ̀ jù fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ ni ti ìbọn ìléwọ́ tó ń lo afẹ́fẹ́, tó wọ Òlíńpíìkì ní ọdún 1988 ní Seoul. Kò ní ẹ̀tù nínú rárá. Afẹ́fẹ́ tí wọ́n fún pọ̀ ló ń ti ọta jáde. Ọta náà kò tóbi ju mìlímítà 4.5 lọ. Eléré yóò dúró ní mítà 10 sí àmì, ọwọ́ kan ṣoṣo ni yóò fi mú ìbọn, yóò sì yìn ín nígbà 60 láàárín wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 15. Àárín gbùngbùn àmì náà, níbi tí máàkì 10 wà, kò fẹ̀ ju mìlímítà 11.5 lọ. Èékánná ìka kékeré lè fẹ́rẹ̀ẹ́ bò ó tán.

Oríṣi mìíràn wà tí wọ́n ń fi ìbọn ẹlẹ́tù ṣe, tí eléré ń sáré láti ibì kan sí ibòmíràn, tí aago sì ń ka àkókò mọ́ ọn lára. Ẹgbẹ́ àgbáyé tó ń ṣàkóso rẹ̀, IPSC, bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1976 ní ìlú Columbia ní Amẹ́ríkà.

Ẹni tó bá rò pé ipá ni wọ́n fi ń ṣe é, kó gbọ́ ìtàn Károly Takács, ọmọ ogun ilẹ̀ Hungary. Ní ọdún 1938, bọ́ǹbù ọwọ́ ba ọwọ́ ọ̀tún tó fi ń yìnbọn jẹ́. Kò bínú kú. Ó fi ọwọ́ òsì kọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì gba góòlù ní Òlíńpíìkì London ní ọdún 1948 àti ti Helsinki ní ọdún 1952. Ní ọdún 2024 ní Paris ńkọ́? Yusuf Dikeç, ọmọ ilẹ̀ Turkey tó ti pé ẹni ọdún 51, ki ọwọ́ kan bọ àpò ṣòkòtò, ó fi ìkejì yìnbọn afẹ́fẹ́, òun àti Şevval İlayda Tarhan sì gba fàdákà. Kò sí aré sísá, kò sí ìjàkadì. Ìfarabalẹ̀ ni gbogbo rẹ̀.

Òfin ilẹ̀ wa ńkọ́?

Ibí yìí ni kí ọ̀dọ́ ti fara balẹ̀ gbọ́. Òfin ohun ìjà ilẹ̀ Nàìjíríà, tí wọ́n ṣe ní ọdún 1959, pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Ìbọn ìléwọ́ ẹlẹ́tù wà ní ìsọ̀rí àkọ́kọ́, pẹ̀lú ìbọn ológun àti bọ́ǹbù. Àyàfi bí Ààrẹ orílẹ̀-èdè bá fọwọ́ sí i, aráàlú kò gbọ́dọ̀ ní i. Ìsọ̀rí kejì ni ìbọn ọlọ́pọ̀ọ́nú ọta tí ọ̀pọ̀ ọdẹ òde òní ń lò. Ibẹ̀ náà ni òfin to ìbọn afẹ́fẹ́ sí. Ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá ló ń fún ènìyàn ní ìwé àṣẹ ìyẹn. Ṣakabùlà tí à ń ki láti ẹnu wà ní ìsọ̀rí kẹta, òun náà sì ní àṣẹ tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Òfin náà sọ pé wọn kò gbọ́dọ̀ fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 17 ní ìwé àṣẹ, tàbí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé, ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, ọ̀mùtí, àti ẹni tí wọ́n ti dá lẹ́bi ìwà ipá láàárín ọdún márùn-ún sẹ́yìn. Bí ẹ bá wò ó dáadáa, àwọn ọdẹ àgbà pàápàá kì í fún irú àwọn ẹni bẹ́ẹ̀ ní ìbọn.

A mọ̀ pé ọkàn ará ìlú kò balẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, àwọn agbébọn wọ ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Èrùkù, ní ìpínlẹ̀ Kwara wa níbí, wọ́n pa ènìyàn, wọ́n sì kó àwọn olùjọ́sìn lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ ìbọn nítorí ìyẹn, ọ̀rọ̀ ààbò ìlú ló ń sọ, kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Kó lọ bá àwọn ọdẹ tí ọba àti ọlọ́pàá mọ̀. Kó má ṣe fi orúkọ eré ìdárayá bo ìbọn tí kò ní ìwé mọ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọta kíki nílé

Ní Amẹ́ríkà, òfin gba aráàlú láyè láti ki ọta tí yóò lò fúnra rẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é kò ṣòro láti mọ̀. Bí ìbọn bá dún tán, ẹ̀tù ti jó, òjé ti lọ, ṣùgbọ́n ìkòkò idẹ tó gbé wọn ró ṣẹ́ kù. Ẹni tó ń yin ọgọ́rọ̀ọ̀rún lọ́sẹ̀ kò fẹ́ dà á nù. Ó tún fẹ́ kí gbogbo ọta rẹ̀ rí bákan náà, kí ìbọn má ṣe máa tàpá ju bó ti yẹ lọ. Wọ́n ń fi òṣùwọ̀n wọn ẹ̀tù náà ní gráìnì, gráìnì 15 sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gíráàmù kan péré. Bí ọwọ́ bá ṣèèṣì da ìlọ́po méjì síbẹ̀, ìbọn lè fọ́ mọ́ ẹni tó mú un lójú.

Nàìjíríà kò gba èyí láyè. Ẹni tó bá ń ṣe ìbọn tàbí ọta láìgba àṣẹ, ẹ̀wọ̀n tí òfin là sílẹ̀ fún un kò dín ní ọdún mẹ́wàá. Nítorí náà, bí ọmọ yín tó wà ní Amẹ́ríkà bá ní òun fẹ́ di ẹ̀tù, ìkòkò ọta tàbí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ki í sínú ẹrù wálé, ẹ sọ fún un pé kó fi í sílẹ̀ síbi tó wà.

Ohun kan tún wà tí ọdẹ gbọ́dọ̀ mọ̀. Ẹ̀tù inú ọta ìgbàlódé kì í ṣe ẹ̀tù dúdú ti ṣakabùlà. Agbára rẹ̀ ju èyí tí ọ̀pá ṣakabùlà lè gbà lọ. Ẹni tó bá tú ọta ìgbàlódé, tó da ẹ̀tù inú rẹ̀ sí ṣakabùlà, ikú ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ fà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ èyí fún àwọn ọmọ tó ń bá yín lọ sí oko.

Kí ló wá lè ṣe?

Ohun tí wọ́n ń kọ́ ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ kò gba ìbọn rárá. Ìbọn afẹ́fẹ́ tí wọ́n fi ń díje kò gbọ́dọ̀ wúwo ju kílógíráàmù kan ààbọ̀ lọ. Kí ọ̀dọ́ bu omi lítà kan sínú ike. Kílógíráàmù kan nìyẹn. Kó dúró ṣinṣin, kó na apá kan síwájú, kó gbé ike náà dúró fún ààbọ̀ ìṣẹ́jú, kó sinmi, kó tún gbé e. Bí apá bá ń gbọ̀n, ìbọn kò tíì tọ́ sí i. Kó máa kọ́ bí a ṣe ń mí jẹ́jẹ́, bí a ṣe ń dúró kí ara má mì.

Ìgbà tó bá dé ibi ìbọn ni wọn yóò wá kọ́ ọ pé àmì kékeré orí ìbọn ni kí ojú rẹ̀ mú ṣinṣin, kí pátákó ọ̀ọ́kán máa rí bàìbàì. Wọn yóò kọ́ ọ pé ṣe ni a ń fi ìka fún ìbọn díẹ̀díẹ̀, a kì í já a. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.

Àwọn òfin ìdíje náà kò jìnnà sí ti ọdẹ: Ka gbogbo ìbọn sí èyí tí ọta wà nínú rẹ̀. Má kọjú ẹnu ìbọn sí ohun tí o kò fẹ́ pa. Má fi ìka sí ibi tí a ń fà títí ojú yóò fi mú àmì. Mọ ohun tí o fẹ́ yìn, kí o sì mọ ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ wo iye ọdẹ tí ọ̀rẹ́ wọn ti ṣì pa nínú igbó nítorí pé ẹnì kan gbàgbé ìkẹyìn yìí.

Bí ọ̀dọ́ bá ti ní sùúrù tó bẹ́ẹ̀, kí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ bá a lọ sí Ìlọrin, sọ́dọ̀ àjọ eré ìdárayá ìpínlẹ̀, láti bèèrè ẹgbẹ́ tí ìjọba mọ̀. Kí wọ́n sì bèèrè ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ọlọ́pàá kí wọ́n tó ná kọ́bọ̀ lórí ìbọn afẹ́fẹ́ èyíkéyìí.

Ní Èsìẹ́, tí kò jìnnà sí Agbamu, ìtàn sọ pé ọdẹ kan tó ń jẹ́ Baragbon ló kọ́kọ́ rí àwọn ère òkúta tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan, èyí tí wọ́n tìtorí rẹ̀ kọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà ní ọdún 1945. Ọdẹ ni Baragbon lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ló rí wọn, kì í ṣe ohun ìjà rẹ̀. Ohun tó yẹ kí ẹ sọ fún ọmọ tó ń bèèrè nìyẹn: kó kọ́kọ́ tọ́jú ojú, kó tọ́jú sùúrù, kí ìbọn tó wá tẹ̀ lé e.