Ẹgbẹ́ Ọmọ Ilé-Ẹ̀kọ́ Tí Ilẹ̀kùn Rẹ̀ Ṣí Sílẹ̀

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ti wà lọ́kàn mi láti ọjọ́ pípẹ́, mo sì fẹ́ kí a jọ gbé e yẹ̀wò lónìí.

Ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ wa yìí, láti Òkìtìpupa títí dé Igbótako àti Òde Ìrèlè, bí agogo ìparí ẹ̀kọ́ bá ti lù, ojú ọ̀nà ni òbí púpọ̀ ń wò. Ẹ̀gẹ́ ń bẹ nínú omi tí a ó fún, tí a ó mọ róbótó, tí a ó sì yan lórí iná kí ó tó di púpurú. Ẹyìn ń bẹ lábẹ́ ọ̀pẹ tí a kò tíì ṣà. Nígbà tí ọmọ bá wí pé, “Bàbá mi, ẹ jọ̀wọ́, a ó dúró fún ẹgbẹ́ aláríyànjiyàn ní Ọjọ́rú,” èsì tí ó sábà máa ń gbà ni pé, “Ìwé ni mo rán ọ lọ kọ́, n kò rán ọ lọ ṣe ẹgbẹ́.”

Èmi pàápàá ti fọ irú èsì bẹ́ẹ̀ rí. Nítorí náà n kò bá ẹnikẹ́ni wí bí ẹni tí ọwọ́ tirẹ̀ mọ́. Ohun tí ó yí mi lọ́kàn padà ni pé a pè mí ní ọjọ́ kan láti ṣe adájọ́ àríyànjiyàn ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní agbègbè wa. Kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, akọ̀wé ẹgbẹ́ dìde, ọmọ nǹkan bí ọdún 14, ó ka àkọsílẹ̀ ìpàdé tí ó kọjá. Ọmọbìnrin kan nawọ́, ó ní a ṣi orúkọ ẹnìkan kọ. A sì tún un ṣe. Akápò ka owó sílẹ̀. Owó náà dín ní 200 náírà. Kò sí ẹni tí ó pariwo. Wọ́n bi í léèrè. Ó ní òun fi ra ṣọ́ọ̀kì, ṣùgbọ́n òun kò gba rìsíìtì. Wọ́n dìbò pé kí ó san án padà. Ó gbà, ó sì padà jókòó sí àyè rẹ̀ láàrin àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Mo rántí àwọn ìpàdé àgbàlagbà tí mo ti jókòó sí, tí owó tí ó dín ti di ìjà, tí ìjà sì tú ẹgbẹ́ ká. Inú ìwé wo ni ọmọ yóò ti kọ́ irú ẹ̀kọ́ yìí, bí kò ṣe nínú ẹgbẹ́?

Ẹ má ṣe rò pé àjèjì ohun ni ẹgbẹ́ jẹ́ fún wa. Àwọn baba wa ń ro oko ní àrò, wọ́n ń bẹ ọ̀wẹ̀, wọ́n sì ń dá èsúsú. Ohun tí ó ti òkè òkun wá ni irú èyí tí a ń pè ní Boys' Brigade, tí William Smith dá sílẹ̀ ní Glasgow ní 1883, tí ó sì dé Èkó ní 1908. Àwọn Sikáótù tẹ̀lé e ní 1915, àwọn Girl Guides sì dé ní 1919 fún àwọn ọmọbìnrin.

Ẹni tí ó bá ń bẹ̀rù pé ẹgbẹ́ yóò ba ìwé jẹ́, kí ó gbọ́ ti ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba tí ó wà ní Umuahia. Chinua Achebe wọ ibẹ̀ ní 1944. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ náà, William Simpson, ṣe òfin pé ní àwọn ìrọ̀lẹ́ kan láàrin ọ̀sẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí ìwé ìdánwò: kí ọmọ ka ìtàn, tàbí kí ó ṣeré. Láti ilé-ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo yìí ni Achebe ti jáde, àti Christopher Okigbo, àti Elechi Amadi. Lẹ́yìn wọn, Ken Saro-Wiwa.

Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ mìíràn wà tí kò yẹ kí a dákẹ́ nípa rẹ̀. Ní 1952, Wọlé Ṣóyínká àti àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́fà dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn, kì í sì í ṣe fún ìtàjẹ̀sílẹ̀. Nígbà tí ó yá, àwọn mìíràn dá tiwọn sílẹ̀, wọ́n wọ inú òkùnkùn lọ, wọ́n sì gbé ohun ìjà. Ní July 1999, irú wọn pa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀. Akọ̀wé àgbà ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ wà nínú àwọn tí ó kú. Ohun búburú yìí sì ti sọ̀kalẹ̀ dé àárín àwọn ọmọ girama ní ibi púpọ̀.

Kí ni ọmọ ń wá lọ síbẹ̀? Orúkọ, ọ̀rẹ́, àti ẹni tí yóò dúró tì í. Gbogbo èyí ni ẹgbẹ́ rere lè fún un ní ojúmọmọ. Bí a bá sì dí i lọ́nà níbẹ̀, àwọn tí ń pe ọmọ ní òru kò ní bèèrè àyè lọ́wọ́ wa.

Báwo ni a ó ṣe mọ èyí tí ó dára? Èkíní, olùkọ́ kan wà tí ń bójú tó o, tí òbí lè lọ bá sọ̀rọ̀. Èkejì, ó ní ìwé ìpàdé àti ìwé owó tí ẹnikẹ́ni lè kà. Ẹ̀kẹta, ọmọ lè wọ inú rẹ̀ láìmu májẹ̀mú, kí ó sì jáde láìjìyà. Èyí tí ó bá kùnà nínú mẹ́ta yìí, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ yín bá a rìn.

Èmi kò wí pé kí ọmọ wà nínú ẹgbẹ́ márùn-ún, kí oko sì di igbó. Ẹ fún un ní ọ̀sán kan láàrin ọ̀sẹ̀. Kí ẹ sì bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ náà pé, “Kí ni ẹ ṣe lónìí?” Ọmọ tí ó ń lọ sí ẹgbẹ́ rere yóò dáhùn ṣáká. Àwọn àgbà ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ẹ jẹ́ kí a kọ́ tiwa, nínú iyàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ àti lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú.