Ṣé Ẹ Mọ Genotype Yín? Ohun Tí Nọ́ọ̀sì Kọ́ Wa Nípa Fòníkú-fọ̀ladìde

Ọmọ wa obìnrin kò tíì pé oṣù méjì nígbà tí nọ́ọ̀sì kan jókòó nínú pálọ̀ wa ní Dagenham, tó mú ìka mi méjì, tó sì rọra tẹ̀ wọ́n sábẹ́ egungun ìhà òsì ọmọ náà. Ó ní, "Ibí ni kẹ́ ẹ máa fọwọ́ kàn tẹ́ ẹ bá ti wẹ̀ fún un tán. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ yín mọ bó ṣe máa ń rí nígbà tí ara ẹ̀ yá, kẹ́ ẹ lè tètè mọ̀ tó bá wú." Ó lé lọ́dún mẹ́wàá tí mo ti ń fi kọ̀ǹpútà jẹun, iṣẹ́ mi sì ni láti wá àṣìṣe rí. Ọjọ́ yẹn, ìka mi ń gbọ̀n.

Àìsàn tó gbé nọ́ọ̀sì wá ni òyìnbó ń pè ní sickle cell. Mo ní láti ṣàlàyé ẹ̀ fún ìyá ìyàwó mi lórí fóònù, àwọn tí wọ́n wà n'Íbàdàn, mi ò sì mọ ohun tí Yorùbá ń pè é. Mo dàgbà tán kí n tó fúnra mi kọ́ Yorùbá, ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn ò sì pọ̀ nínú ìwé tí mo fi kọ́ ọ. Nígbà tí mo rí i, mo ní láti tú u bí ẹni tú kókó: fi òní kú, fi ọ̀la dìde. Fòníkú-fọ̀ladìde. Lónìí ọmọ ń ké egungun bí ẹni tí kò ní rí ilẹ̀ mọ́, lọ́la ó ti dìde, ó ń sáré kiri nínú Parsloes Park. Ẹni tó fún un lórúkọ yẹn ti jókòó ti irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lóru rí.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi tó dàgbà ní Nàìjíríà máa ń bi ara wọn ní ìbéèrè kan kí ìfẹ́ tó wọra tán: kí ni genotype rẹ? Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì níbẹ̀ ni kì í so tọkọtaya pọ̀ láì rí ìwé àyẹ̀wò. Nǹkan bí ẹnìkan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ló jẹ́ AS, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré. Àwa tí wọ́n bí síbí ńkọ́? Kò sẹ́ni tó bi wá. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ gìgísẹ̀ tí wọ́n ń ṣe fún ọmọ tuntun lọ́jọ́ karùn-ún, ọdún 2006 ló tó kárí gbogbo England fún sickle cell. Ẹni tí wọ́n bí ní àwọn ọdún 1980 tàbí ìbẹ̀rẹ̀ 1990, ó ṣeé ṣe kí wọ́n má ṣe é fún un rárá. Àṣà ilé ò bá wa, ti ilé ìwòsàn ò sì tíì dé. Ní Barking and Dagenham yìí, ju ẹnìkan nínú márùn-ún lọ ló pe ara rẹ̀ ní aláwọ̀ dúdú nínú ìkànìyàn ọdún 2021. Ẹ wo iye wa tí ọ̀rọ̀ yìí kàn.

Inú oyún ni agbẹ̀bí ti sọ fún wa. AS ni ìyàwó mi, AS lèmi náà. Tí méjèèjì bá jẹ́ AS, oyún kọ̀ọ̀kan ló ní ìdá kan nínú mẹ́rin láti di SS. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn èèyàn pé tí àkọ́bí bá ti jẹ́ SS, àwọn mẹ́ta tó kù ti bọ́. Irọ́ ni. Ayò kì í rántí bí ẹ ṣe ta á tẹ́lẹ̀. Ẹ má sì gbàgbé AC: òun náà wà láàárín Yorùbá, tó bá pàdé AS, ó lè bí SC, àìsàn lòun náà.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lára kò ta kókó. Nínú sẹ́ẹ̀lì pupa tó ń gbé ọ́síjìn kiri, èròjà kan wà tó ń jẹ́ hemoglobin. Nínú ìlànà tí ara fi ń ṣe é, lẹ́tà kan ṣoṣo ló yàtọ̀. Èmi tí mo ti fi odidi ọ̀sẹ̀ wá àmì kan tó sọnù nínú kóòdù, ó yé mi ju bí mo ṣe fẹ́ lọ. Tí ọ́síjìn bá dínkù, sẹ́ẹ̀lì tó yẹ kó rí roboto á tẹ̀ bíi dòjé, á le, á há sínú iṣan tóóró. Àìtó omi, òtútù àti ibà ló sábà máa ń fà á. Ibi tó há sí ni ìrora wà. Sẹ́ẹ̀lì tó yẹ kó lo nǹkan bí 120 ọjọ́ kì í sì í ju ogún ọjọ́ lọ, ìdí nìyẹn tí ẹ̀jẹ̀ ọmọ kì í fi í tó.

Nígbà tí mo sọ fún Màmá mi, wọ́n dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ka àwọn àbúrò wọn tó kú ní kékeré fún mi, orúkọ àbíkú ni wọ́n sọ ìkẹyìn wọn. Ẹ wo ìdílé tiyín: Málọmọ́, Kòkúmọ́, Dúrósinmí, Bánjókòó. Kì í ṣe gbogbo àbíkú ni sickle cell, ibà àti èéyi náà pa ọmọ púpọ̀. Ṣùgbọ́n mo gbà pé àwọn kan nínú wọn jẹ́ bẹ́ẹ̀, pé wọ́n kọlà sí ọmọ lára nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ló ń yọ ọ́ lẹ́nu.

Nọ́ọ̀sì ló la ọ̀nà tí àwa ń tọ̀ nílùú yìí. Ní ọdún 1979, Elizabeth Anionwu, ọmọ tí bàbá rẹ̀ wá láti Nàìjíríà, di nọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ ní Britain tí iṣẹ́ rẹ̀ dá lórí sickle cell àti thalassaemia, ní Brent lápá kejì London. Ohun tí tiwa kọ́ wa kò pọ̀, ṣùgbọ́n kò gba àṣìṣe. Ibi tó fi ìka mi sí yẹn, spleen ló wà níbẹ̀, tó ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ bí ẹni sẹ́ ògì, tó ń mú kòkòrò àrùn. Sickle cell máa ń bà á jẹ́ ní kékeré. Ìdí nìyẹn tí ọmọ fi ń mu penicillin láàárọ̀ àti lálẹ́ láti oṣù mẹ́ta títí di ọdún márùn-ún ó kéré tán. Ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1986 fi hàn pé ó dín àrùn inú ẹ̀jẹ̀ kù ní ìdá 84 nínú ọgọ́rùn-ún.

Tí ikùn bá ṣàdédé wú lápá òsì, tí ọmọ sì ṣì, 999 ni. Ó kọ́ wa bí a ṣe ń wo ọmọ dúdú tó ṣì: ẹ má wo ẹ̀rẹ̀kẹ́, ẹ wo ètè, àtẹ́lẹwọ́, inú ìpéǹpéjú. Tí ojú bá wọ́ sápá kan tàbí tí ọwọ́ kan kò lágbára, rọpárọsẹ̀ lè ṣe ọmọdé náà, 999 nìyẹn pẹ̀lú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń yẹ iṣan orí wọn wò lọ́dọọdún láti ọmọ ọdún méjì. Fún ìrora, nǹkan lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni, kì í ṣe yìnyín.

Ní òru ọjọ́ kan ara ọmọ náà gbóná. Màmá mi ní, "Eyín ló ń hù, o ò mọ̀ ni?" Tẹmómítà fi 38.4 hàn. Nọ́ọ̀sì ti sọ ọ́ kedere: tó bá ti tó 38, ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́. Màmá mi ò bá mi sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀. Wọ́n tọ́ ọmọ mẹ́rin yanjú, ta ni èmi? Ọjọ́ mẹ́ta la lò níbẹ̀, oògùn ń gba inú iṣan wọlé. Nígbà tá a padà délé, wọ́n lọ ra tẹmómítà tiwọn ní Heathway, inú báàgì ṣọ́ọ̀ṣì ló ń gbé báyìí.

Àbúrò mi ọkùnrin ń múra ìgbéyàwó. Mo bi í ní ìbéèrè náà, ó rẹ́rìn-ín, ó ní mo ti di bàbá àgbà. Ṣùgbọ́n ó lọ bá GP rẹ̀, ó ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ òun wò. AS ni. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni èsì ti àfẹ́sọ́nà rẹ̀ máa jáde.