Káàdì Kan, Orúkọ Méjì

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́-jáde àti ẹ̀yin òbí wa, a dúpẹ́ fún kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ mẹ́wàá tí ẹ fi ta yàrá kọ̀ǹpútà ilé ẹ̀kọ́ yìí lọ́rẹ. Nítorí pé ojú ihò tí a ń ki okùn nẹ́tíwọ̀kì bọ̀ lára wọn ti bàjẹ́, a fi lára owó tí ẹ dá ra káàdì nẹ́tíwọ̀kì mẹ́wàá sí wọn, kí àwọn ọmọ lè fi wọ́n múra sílẹ̀ de ìdánwò JAMB, tí ó ti di ti orí kọ̀ǹpútà pátápátá.

Orúkọ iléeṣẹ́ ńlá kan ni ó wà lára páálí káàdì náà. A ki àwo CD tí ó bá a wá bọ kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà kò dá a mọ̀. Ẹni tí ń bá wa tún ẹ̀rọ ṣe ní kí a kó gbogbo wọn dànù, kí a ra òmíràn. Owó yín ni. Ara wa kò gbà á.

Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wa àtijọ́ kan, tí ó ń kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní ọgbà FUOYE tí ó wà ní Ìkọ̀lé, ni ó là wá lójú. Àwọn tí ń ṣe chip kò pọ̀, ṣùgbọ́n àwọn tí ń ra chip wọn, tí wọ́n ń lẹ orúkọ tiwọn mọ́ káàdì, pọ̀ bí eṣú. Kì í ṣe gbogbo wọn ni oníjìbìtì. Síbẹ̀, driver, ìyẹn ètò tí ń ṣe ògbufọ̀ láàárín káàdì àti kọ̀ǹpútà, kò mọ páálí. Chip nìkan ni ó mọ̀. Páálí dà bí awọ ọmọ ewúrẹ́ tí Jákọ́bù fi bo ọwọ́: Ísáákì fọwọ́ bà á, ó ṣìnà, bẹ́ẹ̀ ohùn kò yí padà.

Ohùn káàdì ni nọ́mbà tí wọ́n kọ sínú rẹ̀. Nínú Windows, ẹ ṣí Device Manager, ẹ wá èyí tí ó ní àmì ìkìlọ̀ aláwọ̀ ìyeyè, ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún máòsì tẹ̀ ẹ́, kí ẹ yan Properties, lẹ́yìn náà Details, lẹ́yìn náà Hardware Ids. Ohun tí ó tẹ̀lé VEN ni nọ́mbà ẹni tí ó ṣe chip. Èyí tí ó tẹ̀lé DEV ni irú chip náà. SUBSYS sábà máa ń tọ́ka sí ẹni tí ó to káàdì pọ̀. Ẹni tí ó ń lo Linux yóò tẹ lspci -nn. Nọ́mbà Intel ni 8086, orúkọ chip tí wọ́n gbé jáde ní 1978. Ó jọ pé wọ́n fẹ́ràn ọmọ náà púpọ̀.

Tiwa sọ pé 10EC, ìyẹn Realtek ti Taiwan, àti 8168. A wa driver rẹ̀ láti ojúewé Realtek fúnra rẹ̀, a fi flash gbé e wá, iná ojú ihò sì tàn. Mẹ́sàn-án ṣiṣẹ́ báyìí. Ẹ̀kẹwàá, tí páálí rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti àwọn yòókù, sọ pé 8136: chip tí kò lè kọjá 100 megabit ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nígbà tí páálí ṣèlérí 1000. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ driver mọ́. A tẹ nọ́mbà náà sórí ìwé, a gbé e lọ bá ẹni tí ó tà á, ó sì pààrọ̀ rẹ̀.

Ti káàdì àwòrán ṣòro jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí àwọn kan máa ń tún inú rẹ̀ kọ kí ó lè purọ́ nọ́mbà. Ní ti ìyẹn, ẹ tú fáànù orí rẹ̀, kí ẹ ka ohun tí ó wà lára chip gan-an. A ti kọ nọ́mbà káàdì mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sínú ìwé yàrá náà. Bí ẹ bá tún ń fi òmíràn ránṣẹ́, ẹ jọ̀wọ́ ẹ kọ tirẹ̀ mọ́ ọn.