Ọ̀sẹ̀ Kìíní Òròmọdìyẹ Bróílà: Purotéènì, Ìfun àti Owó Oúnjẹ

Ìtàn bróílà kò gùn. Lọ́dún 1923, Cecile Steele ní ìpínlẹ̀ Delaware, Amẹ́ríkà, béèrè fún òròmọdìyẹ 50, wọ́n kó 500 wá fún un. Ó sìn wọ́n, ó tà wọ́n fún ẹran, ó sì jèrè. Òwò náà tàn kálé-káko títí ó fi dé ẹ̀yìnkùlé wa l'Ábẹ́òkúta, Ìbàdàn àti Òṣogbo.

Òròmọdìyẹ ọlọ́jọ́ kan máa ń wọn nǹkan bí 40 sí 45 gíráàmù. Bí ìtọ́jú bá péye, ó yẹ kó ti di ìlọ́po mẹ́rin ní ọjọ́ keje: 160 gíráàmù tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láàárín ọjọ́ wọ̀nyí, ìfun máa ń yára dàgbà ju ìyókù ara lọ. Ara inú ìfun ní àwọn fọ́nrán tíntìntín, bí ojú táwẹ̀lì, tó ń fa èròjà inú oúnjẹ sára. Oúnjẹ tó bá kàn wọ́n ló ń mú wọn gùn. Lóòótọ́, pupa ẹyin tó ṣẹ́ kù sí ikùn òròmọdìyẹ lè gbé e fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń rí i kó wá láti ọ̀nà jíjìn. Ṣùgbọ́n èyí tó bá fi wákàtí 48 dúró láìjẹun, ìfun rẹ̀ á rẹ̀yìn. Àwọn ìyá wa tó ń fọ́ ikán sílẹ̀ fún òròmọdìyẹ ìbílẹ̀ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe: purotéènì ni wọ́n ń kọ́kọ́ fún un.

Ìwé tí National Research Council ti Amẹ́ríkà tẹ̀ jáde lọ́dún 1994 fi purotéènì inú oúnjẹ bróílà sí 23 nínú ọgọ́rùn-ún fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, 20 títí di ọ̀sẹ̀ kẹfà, àti 18 títí di ọ̀sẹ̀ kẹjọ. Nínú àwọn èròjà tó para pọ̀ di purotéènì, lysine tí ó kà sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ jẹ́ 1.1, methionine sì jẹ́ 0.5. Lysine kéré nínú àgbàdo, methionine ló sì kéré nínú sóyà, ìdí nìyẹn tí ẹyọ kan kò fi tó.

Ẹ jẹ́ ká wo owó. Òròmọdìyẹ kan kì í jẹ ju nǹkan bí 150 gíráàmù lọ ní ọ̀sẹ̀ kìíní. Ọgọ́rùn-ún wọn á jẹ kílò 15, àpò oníkílò 25 kan kò tíì tán. Ẹni tó bá ń da èérí tàbí ẹ̀kùrọ́ tí wọ́n ti fún òróró rẹ̀ sí i nígbà yìí kí owó má baà pọ̀, kò fi nǹkan kan pamọ́. Ọ̀sẹ̀ karùn-ún sókè, nígbà tí wọ́n bá ń jẹ àjẹkì, ni ká máa ṣọ́ owó.

Fún ẹni tó ń po oúnjẹ fúnra rẹ̀: àgbàdo (purotéènì 9) kílò 60, sóyà tí wọ́n ti fún òróró rẹ̀ (44) kílò 40, purotéènì wọn jẹ́ 5.4 àti 17.6, ó di 23 gééré. Bí egungun lílọ̀, iyọ̀ àti púrímíìsì (àpòpọ̀ fítámì àti mínírà) bá wọlé, iye náà á wálẹ̀ díẹ̀, ẹja lílọ̀ ni wọ́n fi ń gbé e sókè. Sóyà tútù kò gbọdọ̀ wọ inú rẹ̀ rárá, torí ó ní èròjà tó ń dí purotéènì lọ́wọ́ láti dà nínú ikùn. Ẹ sè é fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn tí omi bá hó, kí ẹ sì sá a gbẹ.

Purotéènì tí kò bá dà kì í ṣègbé lásán. Ó ń sọ̀kalẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ ìfun, ibẹ̀ ni kòkòrò Clostridium perfringens ti ń jẹ ẹ́ tó sì ń pọ̀ sí i, tó fi ń dá egbò sí ara ìfun. Àpọ̀jù náà kò dára: ara á yọ ọ́ dànù, èérún pákó tí a tẹ́ sílẹ̀ fún wọn á tutù, òórùn rẹ̀ á máa ta ènìyàn lójú. Inú ọ̀rinrin bẹ́ẹ̀ ni ẹyin coccidiosis, àrùn ìgbẹ́ ẹ̀jẹ̀, ti ń gbó.

Ooru: 32 sí 35 lórí ìwọ̀n Celsius ní ọ̀sẹ̀ kìíní, kó máa fi 2 sí 3 wálẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Wákàtí mẹ́jọ lẹ́yìn tí àwọn òròmọdìyẹ bá dé, ẹ fọwọ́ kan àpò oúnjẹ tó wà lọ́rùn wọn. Bó bá kún tó sì rọ̀, ó ti jẹ, ó ti mu. Bó bá le, omi kò tó. Bó bá ṣófo, òtútù ń mú un tàbí kò rí oúnjẹ. Nínú ọgọ́rùn-ún, ó yẹ kí 80 ti kún. Tó bá di ọjọ́ kejì, kó lé ní 95. Bébà tí a tẹ́ sílẹ̀, tí a wọ́n oúnjẹ sí lórí, kò náni ní nǹkan kan, ó sì sàn ju àwo gíga lọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Àwọn orílẹ̀-èdè European Union ti fòfin de fífi oògùn apakòkòrò sínú oúnjẹ nítorí kí ẹran lè yára dàgbà láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2006. Ẹni tó bá ń fọ ìkòkò omi lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, tó ń kó èérún pákó tó tutù dànù, kò ní ìdí láti ra oògùn náà àfi bí dókítà ẹranko bá ní kó rà á.

Fún ẹran Kérésìmesì tí a ó pa lọ́jọ́ 24 oṣù Kejìlá: ẹni tó fẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, kó ra òròmọdìyẹ lọ́jọ́ 29 oṣù Kẹwàá, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ọjọ́ 12 oṣù Kọkànlá. Òjò lè má tíì dáwọ́ dúró nígbà àkọ́kọ́, ẹ wo òrùlé dáadáa. Nígbà kejì, òtútù ọyẹ́ lè ti dé lóru, ẹ fi èédú kún èyí tí ẹ ti rà láti mú ilé wọn gbóná, kí ẹ sì fi àlàfo sílẹ̀ lókè fún èéfín.