Fíìmù tí ẹ rà lórí fóònù, ṣé tiyín ni? Ohun tí Christopher Nolan ń wí rèé

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló jẹ́ pé fóònù ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń nawọ́ sí tí ilẹ̀ bá mọ́, kí wọ́n tó fọnu pàápàá. Àmọ́ Christopher Nolan, ọ̀kan lára àwọn olùdarí fíìmù tó lókìkí jù lágbàáyé, kì í lo fóònù ìgbàlódé, bẹ́ẹ̀ ni kò ní ímeèlì.

London ni wọ́n ti bí Nolan lọ́dún 1970. Òun ló darí The Dark Knight, Inception àti Interstellar. Oppenheimer, fíìmù rẹ̀ lórí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó léwájú àwọn tó ṣe àdó olóró átọ́míìkì fún Amẹ́ríkà, gba àmì ẹ̀yẹ Oscar 7 lóṣù Kẹta ọdún 2024. Ẹ rí i pé kì í ṣe owó fóònù ni kò ní.

Ọ̀nà méjì ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ pín sí: àkókò tí fóònù ń gbà lọ́wọ́ ẹni, àti ẹni tó ni ohun tí èèyàn ń wò lórí rẹ̀.

Kí ló dé tí kì í lo fóònù ìgbàlódé?

Nolan ti ṣàlàyé fáwọn oníròyìn pé ọkàn òun tètè máa ń pínyà, òun ò sì fẹ́ kó jẹ́ pé tí nǹkan bá ti sú òun díẹ̀ báyìí, orí íntánẹ́ẹ̀tì lòun á sá lọ. Ó ní àsìkò tí èèyàn kàn jókòó, tí kò ṣe nǹkan kan, ni èrò tó dáa máa ń sọ sí òun lọ́kàn. Àsìkò yẹn gan-an sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń fi fóònù dí báyìí. Kọ̀ǹpútà tí kò sí íntánẹ́ẹ̀tì lórí rẹ̀ ló fi ń kọ ìtàn fíìmù rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ó máa ń mú fóònù kékeré tó ṣeé pa dé dání.

Síbẹ̀, kò gbà pé ọ̀tá ẹ̀rọ lòun. Ó ní iṣẹ́ ńlá ni ẹ̀rọ ìgbàlódé ń ṣe, àmọ́ òun lòun máa yan ibi tó máa dé nínú ayé òun.

Ká sòótọ́, gbajúmọ̀ bíi tiẹ̀ ní àwọn tó ń bá a gbé fóònù. Ìyá oní-POS tàbí awakọ̀ tí oníbàárà ń pè kò lè gbé tiẹ̀ jù sílẹ̀, torí oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí apá kejì ọ̀rọ̀ Nolan fi kan mẹ̀kúnnù jù.

Kí nìdí tó fi ní kí wọ́n ra àwo fíìmù?

Lóṣù Kọkànlá ọdún 2023, nígbà tí àwo Oppenheimer fẹ́ jáde, Nolan fi àwàdà rọ àwọn èèyàn pé kí wọ́n rà á, kí wọ́n gbé e sílé, kí iléeṣẹ́ kankan tó ń fi fíìmù hàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì má bàa wá jí i mọ́ wọn lọ́wọ́. Kò pẹ́ rárá tí àwo náà fi tán nínú ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù.

Àwàdà ni o, àmọ́ òótọ́ wà nínú ẹ̀. Iléeṣẹ́ bíi Netflix máa ń sanwó fún ẹni tó ni fíìmù kó lè fi í hàn fún àkókò kan. Tí àdéhùn bá parí tí wọn ò tún un ṣe, fíìmù yẹn á kúrò níbẹ̀. Ẹni tó ń san owó oṣooṣù dà bí ayálégbé: owó ilé ló ń san, kò ra ilé. Kódà, èyí tí ẹ bá dáńlóòdù sórí fóònù ní ọjọ́ tí yóò kú, ẹ ò sì lè fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì.

Èyí tí èèyàn fowó rà ńkọ́?

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Lọ́pọ̀ ìgbà, tí ẹ bá tẹ ibi tí wọ́n kọ "rà" sí, àṣẹ láti máa wò ó ni wọ́n tà fún yín. Wọn ò ta fíìmù náà.

Lọ́dún 2009, Amazon pa ìwé méjì tí George Orwell kọ, 1984 àti Animal Farm, rẹ́ kúrò lórí ẹ̀rọ Kindle àwọn tó ti rà wọ́n, torí pé ẹni tó gbé ìwé náà síbẹ̀ kò ní ẹ̀tọ́ láti tà á. Wọ́n dá owó padà, ọ̀gá iléeṣẹ́ náà sì tọrọ àforíjì.

Lóṣù Kejìlá ọdún 2023, Sony sọ fáwọn tó ń lo PlayStation pé ètò Discovery tí wọ́n ti rà máa pòórá lópin oṣù náà. Ariwo sọ, wọ́n sì ṣe àdéhùn tuntun kí ọjọ́ tó pé. Ní California, òfin kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2025: òǹtajà ò gbọdọ̀ kọ "rà" síbẹ̀ mọ́ láìsọ ọ́ gbangba pé àṣẹ lásán lòun ń tà.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ṣòkòtò àgbàwọ̀, bí kò fúnni lẹ́sẹ̀, a ṣoni. Rẹ́gí lohun ẹni ń bá ni mu.

Àmọ́ àwo náà ní tiẹ̀. Ó ń há, ó ń gba àyè, ó sì nílò ẹ̀rọ tí wọ́n máa fi wò ó. Íntánẹ́ẹ̀tì ló sì ń gbé fíìmù dé ìlú tí kò ní ilé sinimá. Kò sẹ́ni tó ní kí ẹ má wò ó níbẹ̀. Kí ẹ ṣáà mọ ohun tí ẹ ń sanwó fún.

Kí ni kí ẹ ṣe?

Kí ẹ tó tẹ "rà", ẹ wò ó bóyá ẹ lè gbé e kúrò lórí ápù náà. Tí kò bá ṣeé gbé, ẹ kà á sí owó ìyálò.

Ọ̀rọ̀ yìí tún ju fíìmù lọ. Fọ́tò ọjọ́ ìkómọ, fídíò ìgbéyàwó, ohùn bàbá tó ti dolóògbé tó wà nínú vóìsì nóòtì WhatsApp: ojú kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ èèyàn tọ́jú wọn sí. Tí fóònù bá já sómi, tàbí tí wọ́n gbàgbé páswọ́ọ̀dù àkáǹtì tí wọ́n kó wọn sí, ó parí nìyẹn. Ẹ ṣe ẹ̀dà wọn sórí fláàṣì tàbí mẹ́mórì káàdì, kí ẹ fún ẹnì kan nínú ẹbí ní ẹ̀dà kejì. Èèyàn lè tún fíìmù rà. Ohùn bàbá kò sí lọ́jà.