Ìbéèrè Tí Wọn Kì Í Bi Ọkùnrin

Ní ọjọ́ 29, oṣù Kẹjọ ọdún 2008, John McCain, tó ń díje fún ipò ààrẹ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà lábẹ́ ẹgbẹ́ Republican, mú obìnrin kan jáde síwájú èrò ní ìlú Dayton, ìpínlẹ̀ Ohio. Ó ní obìnrin yìí ni yóò ṣe igbákejì òun. Sarah Palin lorúkọ rẹ̀. Ẹni ọdún 44 ni, òun ni gómìnà ìpínlẹ̀ Alaska, ó sì jẹ́ ìyá ọlọ́mọ márùn-ún. Ẹgbẹ́ náà kò fi obìnrin sí irú ipò bẹ́ẹ̀ rí.

Inú àwọn tó fẹ́ràn ìlànà àtijọ́ dùn, torí Palin kò fara mọ́ ìṣẹ́yún rárá. Àmọ́ kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, àríwísí ti ń rọ́ lé e lórí bí òjò. Oríṣi méjì ni àríwísí náà, àwọn èèyàn sì dà wọ́n pọ̀ bí ẹni da iyanrìn mọ́ gàrí.

Ohun tó yẹ kí wọ́n béèrè

Ọjọ́ tí McCain mú un jáde gan-an ni McCain pé ọdún 72. Bí nǹkan bá ṣe ààrẹ, igbákejì ló máa gbàjọba. Palin kò sì tíì lo ọdún méjì nípò gómìnà. Ṣáájú ìgbà yẹn, ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Wasilla ló ti ṣe olórí ìlú. Ó tọ́ nígbà náà kí àwọn olùdìbò fẹ́ mọ ohun tó mọ̀.

Nígbà tí oníròyìn Katie Couric bi í pé ìwé ìròyìn wo ló máa ń kà, kò dárúkọ ẹyọ kan. Ó ń sọ fáwọn èrò pé òun kọ owó tí ìjọba àpapọ̀ fẹ́ fi ṣe afárá kan ní Alaska, bẹ́ẹ̀ nígbà tó ń wá ipò gómìnà lọ́dún 2006, ó ti fọwọ́ sí afárá náà. Iṣẹ́ tó ń wá ni ìbéèrè wọ̀nyí dá lé. Bí ọkùnrin ló wà níbẹ̀, ó yẹ kí wọ́n bi òun náà.

Ohun tó yà sí ojú ọ̀nà míì

Oṣù mẹ́rin péré ni àbíkẹ́yìn rẹ̀ nígbà yẹn, ọmọ náà sì ní Down syndrome, ìyẹn àìlera kan tí wọ́n bí mọ́ ọn. Kíá làwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí béèrè pé, “Ta ló máa tọ́jú ọmọ yẹn?” Àwọn kan tiẹ̀ gbé irọ́ kiri pé kì í ṣe Palin ló bí i. Ní ọjọ́ 1, oṣù Kẹsàn-án, ìdílé náà kéde pé ọmọ wọn obìnrin, ẹni ọdún 17, ti lóyún. Ọ̀pọ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́. Barack Obama, tó ń bá McCain du ipò, ló sọ lọ́jọ́ yẹn pé kí wọ́n fi ìdílé àwọn olùdíje sílẹ̀, pàápàá àwọn ọmọ. Ó ní ẹni ọdún 18 ni ìyá òun nígbà tó bí òun.

Àwọn kan lè sọ pé ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ó dáa, ilé ta ni? Obama náà ní ọmọ obìnrin méjì nílé, ọ̀kan jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá, èkejì ọmọ ọdún méje. Ta ló bi í léèrè ẹni tó máa tọ́jú wọn? Joe Biden, tó jẹ́ igbákejì rẹ̀ nínú ìdíje náà, pàdánù ìyàwó àti ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré nínú jàǹbá ọkọ̀ lọ́dún 1972. Àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjèèjì fara pa. Ilé ìwòsàn tí wọ́n wà ló ti búra wọlé gẹ́gẹ́ bíi sẹ́nétọ̀. Àwọn èèyàn yìn ín pé akíkanjú bàbá ni. Ìyá kan gbé ọmọ rẹ̀ wá sí pápá ìdìbò, wọ́n ní kò bìkítà.

Ẹni tó pàdánù

Àríwísí tí kò tọ́ yìí ba èyí tó tọ́ jẹ́. Bí ẹnì kan bá bi Palin ní ìbéèrè gidi, àwọn alátìlẹ́yìn rẹ̀ á ní torí pé obìnrin ni. Wọ́n rí ibi sá pa mọ́ sí, torí pé lóòótọ́ làwọn kan ń bú u torí pé obìnrin ni. Nǹkan bíi 70 mílíọ̀nù èèyàn ló wo àríyànjiyàn òun àti Biden lórí tẹlifíṣọ̀n ní ọjọ́ 2, oṣù Kẹwàá. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni bóyá ó kúnjú ìwọ̀n. Ariwo tó ti wà nílẹ̀ kò jẹ́ kó rọrùn láti mọ̀.

Ní ọjọ́ 4, oṣù Kọkànlá, Obama àti Biden wọlé. Ṣùgbọ́n ìbéèrè nípa ọmọ kò tán síbẹ̀. Níbikíbi tí obìnrin bá ti jáde du ipò, ì báà jẹ́ ti wọ́ọ̀dù, ẹnì kan á ṣáà béèrè ọkọ àti ọmọ rẹ̀. Àwọn ọmọ tó jókòó sí pálọ̀ ń gbọ́. Ọmọbìnrin ń kọ́ ohun tó máa ná an bó bá dìde, ọmọkùnrin sì ń kọ́ pé wọn ò ní bi òun.

Kí ẹ tó sọ ọ̀rọ̀ sí irú obìnrin bẹ́ẹ̀, ẹ fi orúkọ ọkùnrin rọ́pò tirẹ̀ ná. Bí ìbéèrè náà bá di ẹ̀rín, ẹ jẹ́ kó lọ. Bó bá ṣì dúró, ẹ bi í, kí ẹ má sì jẹ́ kó lọ láìdáhùn.