Fèrè Ìkìlọ̀ fún Kẹ̀kẹ́ Ológeere

Fèrè ìkìlọ̀ kẹ̀kẹ́ ni ohun èlò tí ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere fi ń jẹ́ kí awakọ̀, ọlọ́kadà àti ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn mọ̀ pé òun ń bọ̀. Ó yàtọ̀ sí agogo kẹ̀kẹ́, èyí tí ìró rẹ̀ kéré, tó sì wúlò jù lọ fún àwọn tó ń rìn ní ẹ̀bá ọ̀nà. Ní ọ̀pọ̀ ìlú ńlá ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, títì kan náà ni kẹ̀kẹ́, dánfó, ọ̀kadà àti ọkọ̀ akẹ́rù jọ ń lò. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ fi ń wá fèrè tí ohùn rẹ̀ lè borí ariwo ẹ́ńjìnnì. Yíyan èyí tó yẹ kò rọrùn tó bí ó ti rí lójú, nítorí pé fèrè tó ń pariwo jù lọ lórí àtẹ kì í sábà jẹ́ èyí tó ń dáàbò bo ẹ̀mí jù lọ.

Láti agogo dé fèrè

Agogo ló ṣáájú. John Richard Dedicoat, ará Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n sábà máa ń dárúkọ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ṣe é ní 1877. Fèrè rọ́bà tẹ̀ lé e. Ìwo irin ni, tí rọ́bà roboto wà ní ìdí rẹ̀. Bí a bá fún rọ́bà náà, atẹ́gùn yóò gba ara irin pẹlẹbẹ kan kọjá, irin náà yóò sì gbọ̀n títí yóò fi dún. Àwọn ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àkọ́kọ́ pàápàá lo irú fèrè yìí.

Ní Nàìjíríà àti Gánà, fèrè rọ́bà ti ní ìtumọ̀ mìíràn. Àwọn tó ń ta áísìkirimù àti yógọ́ọ̀tì FanMilk lórí kẹ̀kẹ́, pẹ̀lú àpótí tútù níwájú, ló fi ń polówó ọjà láti àdúgbò dé àdúgbò. Bí ó bá dún, ọmọdé ni yóò sáré jáde. Awakọ̀ kò ní kà á sí ìkìlọ̀ rárá. Kò sí àbùkù nínú fèrè náà, ṣùgbọ́n ohùn tí gbogbo ìlú ti mọ̀ mọ́ ọjà títà kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni pé ewu ń bọ̀.

Nọ́ńbà ara páálí

Dẹ̀síbẹ̀ẹ̀lì ni ìwọ̀n tí wọ́n fi ń sọ bí ìró ṣe lágbára tó. A kì í kà á ní oókan-oókan bí ẹni ń ka mítà. Bí 10 bá lé lórí rẹ̀, agbára ìró náà ti di ìlọ́po mẹ́wàá, etí ọmọ ènìyàn yóò sì gbọ́ ọ bí ẹni pé ó di ìlọ́po méjì. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà náà kò ní ìtumọ̀ bí a kò bá mọ ibi tí ẹni tó wọ̀n ọ́n dúró sí. Ní gbangba, ìgbàkígbà tí a bá fi ìlọ́po méjì jìnnà sí ibi tí ìró ti ń jáde, dẹ̀síbẹ̀ẹ̀lì 6 ni yóò dín kù. Fèrè tí wọ́n kọ 120 sí lára, tó jẹ́ pé sẹ̀ǹtímítà 10 sí ẹnu rẹ̀ ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n, yóò jẹ́ 100 péré ní mítà kan. Èyí tí wọ́n kọ 140 sí, tí wọ́n wọ̀n ní sẹ̀ǹtímítà méjì àbọ̀, kò ní ju 108 lọ ní mítà kan. Páálí tí kò bá sọ jíjìnnà náà, ìpolówó lásán ni nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀.

Ti ọkọ̀ yàtọ̀. Ìlànà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí fèrè ọkọ̀, èyí tí í ṣe Ìlànà 28, ní kí wọ́n wọn ohùn fèrè ní mítà 7 sí iwájú ọkọ̀, kí ó má sì ju 112 lọ. Fèrè kẹ̀kẹ́ tó jẹ́ 110 ní mítà kan ti di 93 kó tó dé mítà 7. Ẹni tó bá rò pé òun ti ra fèrè tó bá ti ọkọ̀ dọ́gba nítorí pé nọ́ńbà méjèèjì súnmọ́ ara wọn ti ṣi ìṣirò náà.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ gíláàsì ọkọ̀. Ọkọ̀ tí gbogbo fèrèsé rẹ̀ wà ní títì lè mú 20 sí 30 dẹ̀síbẹ̀ẹ̀lì kúrò nínú ìró tó ń bọ̀ láti ìta. Fèrè 110 yẹn yóò jẹ́ nǹkan bí 78 ní mítà 40; inú ọkọ̀ títì yóò sọ ọ́ di bíi 50, tó kéré sí ohùn ènìyàn méjì tó ń sọ̀rọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹ̀rọ amúlétutù àti rédíò yóò gbé e mì. Ní mítà 3, ohùn kan náà jẹ́ 100 ní ìta àti bíi 75 nínú ọkọ̀. Níbẹ̀ ni awakọ̀ ti lè gbọ́ ọ. Ohun tó yani lẹ́nu níbẹ̀ ni pé awakọ̀ dánfó tí fèrèsé rẹ̀ ṣí sílẹ̀, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń bẹ̀rù, lè gbọ́ fèrè kẹ̀kẹ́ ṣáájú olówó tó jókòó sínú jíìpù olóòtútù.

Irú ohùn náà ṣe pàtàkì bí agbára rẹ̀. Etí ènìyàn máa ń gbọ́ ohùn tó ń gbọ̀n ní ìgbà 2,000 sí 4,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ju èyíkéyìí lọ, ọ̀pọ̀ fèrè oníbátìrì kéékèèké sì ń ké ní àárín ibẹ̀, fíìfíì bí ẹyẹ. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn yóò gbọ́ ọ kíákíá. Ṣùgbọ́n gíláàsì àti irin ọkọ̀ a máa dí irú ohùn tínrín bẹ́ẹ̀ ju ohùn tó nípọn lọ, ohùn tínrín náà sì ni etí àgbàlagbà kọ́kọ́ máa ń pàdánù. Fèrè ọkọ̀ gan-an sábà máa ń gbọ̀n ní bíi ìgbà 400 sí 500 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Fún ìdí yìí, fèrè kẹ̀kẹ́ tí ohùn rẹ̀ nípọn, tó jọ ti ọkọ̀, ń ṣe méjì lẹ́ẹ̀kan náà: ó ń wọ inú ọkọ̀ dáadáa, awakọ̀ sì mọ ohun tó túmọ̀ sí láìronú.

Ibi tí fèrè ti lè gba ẹ̀mí là

Ọkọ̀ tó ń sáré kìlómítà 60 láàárín wákàtí kan ń rin nǹkan bí mítà 17 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí awakọ̀ bá lo ìṣẹ́jú àáyá kan àbọ̀ kó tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, kó sì tó tẹ ìjánu, ọkọ̀ ti rin mítà 25. Yóò tún rin bíi 20 sí i kó tó dúró, pàápàá lórí ọ̀dà tó gbẹ. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà 45, a sì ti rí i pé fèrè 110 kò lè wọ inú ọkọ̀ títì láti ibi tó jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Lójú ọ̀nà márosẹ̀, nígbà náà, fèrè kì í ṣe ààbò. Iná ẹ̀yìn, aṣọ tó ń tàn àti ipò tí ẹni náà wà lójú ọ̀nà ló lè ràn án lọ́wọ́ níbẹ̀.

Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ni ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Bí ọkọ̀ bá ń rìn ní kìlómítà 20 láàárín wákàtí kan, gbogbo mítà tó nílò kó tó dúró kò ju bíi 11 lọ. Ewu tó wà níbẹ̀ sì jẹ́ ewu itòsí: dánfó tó ń kúrò ní ibùdókọ̀ láìwo dígí, ọkọ̀ tó ń fi ẹ̀yìn rìn jáde láti iwájú ṣọ́ọ̀bù, ilẹ̀kùn takisí tí èrò fẹ́ ṣí, ọlọ́kadà tó ń gba àárín ọkọ̀ méjì kọjá. Mítà mẹ́ta, mítà márùn-ún ni gbogbo rẹ̀. Fèrè olóhùn gíga lè dá ọkọ̀ dúró nínú irú nǹkan báyìí, tí agogo kò sì lè ṣe é.

Ìdènà kan tí kò sí nínú ìṣirò ni àṣà. Ní Èkó, fèrè ọkọ̀ ti di èdè: wọ́n fi ń pe èrò, wọ́n fi ń kí ọ̀rẹ́, wọ́n fi ń bú ẹni tó pẹ́ lójú iná pupa. Ní 2014, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ láti rọ awakọ̀ pé kí wọ́n má fọn fèrè. Níbi tí fèrè ti ń dún láìdákẹ́, etí a máa yí padà kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹni tó ń fọn fèrè kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ní gbogbo oríta ń fi kún ariwo tí kò ní jẹ́ kí wọ́n gbọ́ òun fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ tí ó bá ṣe kókó.

Irú fèrè tó wà

Fèrè oníbátìrì ló wọ́pọ̀ jù, òun ló sì fúyẹ́ jù. Okùn tí a fi ń gba iná sí fóònù ló ń lò. Àléébù rẹ̀ ni pé ohùn rẹ̀ sábà máa ń tínrín, omi òjò lè wọ inú rẹ̀, bátìrì náà sì lè rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé olúwa rẹ̀ fura.

Fèrè alátẹ́gùn ní ìgò kan tí a ń so mọ́ ara kẹ̀kẹ́. Pọ́ǹpù tí a fi ń fẹ́ táyà la fi ń fẹ́ atẹ́gùn sínú rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì lè lé ní 110 nítòsí. Kò fẹ́ iná ìjọba, kò fẹ́ bátìrì. Èyí kì í ṣe àǹfààní kékeré níbi tí iná kì í dúró. Ṣùgbọ́n bí atẹ́gùn bá ti ń tán, ohùn rẹ̀ a máa rọ̀, eruku ọ̀yẹ́ lè dí ẹnu fáàfù rẹ̀, ìgò tó kún kò sì yẹ kó wà nínú oòrùn ọ̀sán láti àárọ̀ dalẹ́, torí ooru ń mú kí atẹ́gùn inú rẹ̀ fẹ̀.

Fèrè ọ̀kadà tó ń lo iná fólítì 12 ni mẹkáníìkì lè so mọ́ kẹ̀kẹ́ bí bátìrì tó bá a mu bá wà. Ohùn rẹ̀ nípọn, awakọ̀ sì mọ̀ ọ́n. Ó wúwo fún kẹ̀kẹ́ lásán, ṣùgbọ́n ó bá kẹ̀kẹ́ tó ń lo mọ́tò iná mu.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í wò nígbà tí wọ́n bá ń rà á ni ibi tí bọ́tìnì rẹ̀ yóò wà. Bí ewu bá dé, ọwọ́ méjèèjì gbọ́dọ̀ wà lórí ìjánu. Fèrè tí àtàǹpàkò lè tẹ̀ láìjẹ́ pé ìka yòókù kúrò lórí ìjánu sàn ju èyí tó lágbára jù ú lọ tó jẹ́ pé a gbọ́dọ̀ gbé ọwọ́ kúrò kí a tó lè fọn ọ́n. Èyí tún jẹ́ àléébù fèrè rọ́bà, torí odindi ọwọ́ kan ló ń gbà.

Ẹlẹ́sẹ̀, etí àti òfin

Ìyá àgbà tó ru ẹrù, tó ń sọdá títì, tó gbọ́ fèrè tó dún bí ti ọkọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ yóò fò. Ó sì lè fò sí ọ̀nà kẹ̀kẹ́ gan-an, nítorí pé ọkọ̀ ni ojú rẹ̀ ń wá. Agogo ló yẹ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Àwọn onímọ̀ nípa ìlera iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà gbà pé ariwo 100 dẹ̀síbẹ̀ẹ̀lì kò yẹ kó kọjá ìṣẹ́jú 15 létí ènìyàn lójúmọ́. Fífọn ẹ̀ẹ̀kan kò tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fọn irú fèrè yìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí ọmọdé.

Àdéhùn Vienna lórí ìrìnnà ojú pópó, ti 1968, tí Nàìjíríà dara pọ̀ mọ́ ní 2018, sọ nínú abala 44 pé kẹ̀kẹ́ tó bá ń rìn láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn gbọ́dọ̀ ní agogo tí a lè gbọ́ láti ibi tó jìnnà tó, kò sì gbọdọ̀ gbé ohun èlò ìkìlọ̀ olóhùn mìíràn. Òfin ilẹ̀ Faransé ní kí wọ́n lè gbọ́ agogo náà láti mítà 50, ó sì ka lílo ohùn ìkìlọ̀ mìíràn lórí kẹ̀kẹ́ léèwọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ gba ẹnubodè kọjá gbọ́dọ̀ mọ èyí kó tó kúrò nílé. Ní àwọn ibi tí wọ́n ti ya ọ̀nà sọ́tọ̀ fún kẹ̀kẹ́, bí Tamale ní àríwá Gánà, agogo sábà máa ń tó. Láàárín ìlú tí kò ní irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, àwọn tó mọ iṣẹ́ náà a máa fi méjèèjì sí ọwọ́ kẹ̀kẹ́: agogo ní ẹ̀gbẹ́ òsì fún ẹlẹ́sẹ̀, fèrè ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún fún ọkọ̀.